Kí ló dé tí wọn ò kúkú pa gbogbo bakitéríà inú ìfun ọmọ mi?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní àrùn Crohn ló ń ṣe ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 19. Ó ti rù, ìgbẹ́ gbuuru ò dá lára rẹ̀, inú sì máa ń run ún nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Oníṣègùn tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara ló ń bá bakitéríà inú ìfun jà, ìjà yẹn ló sì ń mú kí ìfun wú. Ohun tí kò yé mi ni pé, bó bá jẹ́ torí bakitéríà ni, kí ló dé tí wọn ò kúkú fi antibáyọ́tíìkì pa gbogbo wọn? Tàbí kí wọ́n fún un lóògùn tí ara rẹ̀ ò fi ní mọ̀ mọ́ pé bakitéríà wà níbẹ̀? Bakitéríà ṣáà wà nínú ìfun tèmi náà, tèmi ò wú.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú. Ọlọ́run á fún ọmọ yín ní àlàáfíà, á sì fún ẹ̀yin náà lókun. Gbólóhùn tẹ́ ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, torí ẹni tó bá mọ ìdí tí ìfun tiyín ò fi wú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìdí tí tọmọ yín fi wú. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tètè sọ ibi tí mò ń lọ, kẹ́ ẹ lè máa fọkàn bá mi lọ: mímọ̀ tí ara ọmọ yín mọ̀ pé bakitéríà wà nínú ìfun rẹ̀ kọ́ ni àìsàn. Ìfun ẹni tí ara rẹ̀ le mọ̀ bẹ́ẹ̀ tọ̀sántòru, ìmọ̀ yẹn ló sì ń bá a tún ara rẹ̀ ṣe. Ibi tí ara ti mọ̀ ọ́n, irú sẹ́ẹ̀lì tó mọ̀ ọ́n, àti bóyá ìjà náà ní òpin, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Lọ́dún 2016, Ron Sender, Shai Fuchs àti Ron Milo ṣírò pé bakitéríà tó wà lára géńdé kan tó wọn kìlógíráàmù 70 tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 38, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì tiwa fúnra wa jẹ́ bíi tírílíọ̀nù 30. Inú ìfun ńlá ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé. Ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló sì pààlà sáàárín wọn àti ẹran ara tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpele yìí kì í pẹ́ láyé: láàárín ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 5, wọ́n á ti re dànù, tuntun á sì ti rọ́pò wọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ohunkóhun tó bá dí àtúnṣe ojoojúmọ́ yìí lọ́wọ́ máa ń fa wàhálà kíákíá.

Báwo ni ara ṣe ń mọ̀ pé bakitéríà ń bẹ? Lọ́dún 1989, Charles Janeway ní Yunifásítì Yale dábàá pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara gbọ́dọ̀ ní ohun kan tí wọ́n bí mọ́ wọn, tí wọ́n fi ń dá àwọn èròjà kan mọ̀ lára kòkòrò àìfojúrí, ìyẹn àwọn èròjà tí kòkòrò ò lè ṣe kó má ní, tí àwa èèyàn ò sì ní rárá. Nígbà tó dọdún 1996, ìkọ̀ Jules Hoffmann fi hàn pé eṣinṣin èso tí jíìnì Toll rẹ̀ bà jẹ́ ò lè dojú kọ olú àìfojúrí tó bá wọ̀ ọ́ lára. Lọ́dún 1998, ìkọ̀ Bruce Beutler rí irú rẹ̀ lára eku: TLR4. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 2011 kan àwọn méjèèjì, pẹ̀lú Ralph Steinman. Janeway ti kú lọ́dún 2003, kò rí ọjọ́ náà, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rántí, torí òun ló la ọ̀nà tí gbogbo wa ń tọ̀.

Màá pe àwọn nǹkan wọ̀nyí ní purotéènì ìfura. Wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré la máa lò níbí. TLR4 ń dá LPS mọ̀, àpapọ̀ ọ̀rá àti ṣúgà tó bo ara bakitéríà bíi E. coli. TLR5 ń dá flagellin mọ̀, ìyẹn purotéènì tí ìrù bakitéríà fi ṣe, ìrù tó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹta, NOD2, kò sí lójú awọ sẹ́ẹ̀lì bíi ti àwọn méjì yẹn. Inú sẹ́ẹ̀lì ló wà, èérún ògiri ara bakitéríà tó ń jẹ́ muramyl dipeptide ló sì ń ta á jí. Tí ọ̀kan nínú àwọn TLR bá ti fura, purotéènì míì tó ń jẹ́ MyD88 ló sábà máa ń gba iṣẹ́ náà lẹ́nu rẹ̀, tí yóò sì jẹ́ ẹ sínú sẹ́ẹ̀lì, títí tí àwọn jíìnì kan á fi tan. Kẹ́míkà aránṣẹ́ bíi TNF á jáde, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á sáré wá, ojú ibẹ̀ á pọ́n, á gbóná, á wú.

Bó bá wá jẹ́ pé LPS àti flagellin kún inú ìfun bámúbámú, kí ló dé tí ìfun gbogbo wa ò fi máa wú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ara kì í jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ òun. Ikun yíyọ̀, irú èyí tó máa ń wà nímú, ló bo ojú ìfun. Nínú ìfun ńlá, ìpele méjì ni ikun yìí ní. Bakitéríà ń gbé nínú èyí tó wà lókè, ṣùgbọ́n èyí tó lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì nísàlẹ̀ ki débi pé bakitéríà kì í sábà lè wọnú rẹ̀. Àwọn ará Sweden, Malin Johansson, Gunnar Hansson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ló fi èyí hàn kedere lọ́dún 2008. Eku tí wọ́n yọ jíìnì MUC2 kúrò lára rẹ̀, tí kò lè ṣe ikun yìí, ìfun rẹ̀ máa ń wú láìsí pé ẹnikẹ́ni fún un lóògùn kankan. Nínú ìfun kékeré, níbi tí ikun ti fúyẹ́, purotéènì apabakitéríà kan tó ń jẹ́ RegIIIγ ló ń lé wọn sẹ́yìn. Ìkọ̀ Lora Hooper fi hàn lọ́dún 2011 pé àlàfo tó máa ń wà láàárín bakitéríà àti ojú sẹ́ẹ̀lì eku tí ara rẹ̀ le tó ìdá 1 nínú 20 mìlímítà. Nígbà tí wọ́n yọ jíìnì RegIIIγ kúrò, àlàfo náà pòórá. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìwádìí náà ni pé bí wọ́n bá yọ MyD88 kúrò lára sẹ́ẹ̀lì ojú ìfun nìkan, àlàfo náà pòórá bákan náà. Ẹ rí i pé ìfura gan-an ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe ohun tó ń lé bakitéríà sẹ́yìn. Sẹ́ẹ̀lì tí kò fura ò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun lé ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni IgA wà, purotéènì agbèjà ara tí ìfun ń tú jáde ní gíráàmù mélòó kan lójoojúmọ́, tó ń lẹ̀ mọ́ bakitéríà kí wọ́n má bàa ráyè dé ojú sẹ́ẹ̀lì.

Ìdí kejì, ibi tí ara gbé purotéènì ìfura sí. Ẹ wo TLR5. Lójú ìfun, ẹ̀yìn sẹ́ẹ̀lì ló wà, lápá tó kọjú sínú ara. Kò sí lápá tó kọjú sí ìgbẹ́. Andrew Gewirtz àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lọ́dún 2001 pé flagellin tó bá dúró lóde kì í ta á jí, àfi èyí tó bá ti ráyè kọjá sẹ́yìn. Ẹni tó ń kọjá lójú títì, ta ló máa bi í pé kí ló wá ṣe? Ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ ẹ bá bá nínú yàrá yín lóru, ariwo lẹ máa pa. Bakitéríà kan náà ni, ibi tí wọ́n ti bá a ló sọ ọ́ di ọ̀tá.

Ìdí kẹta, ìwà àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ abẹ́ ojú ìfun. Macrophage ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n máa ń gbé bakitéríà mì, wọ́n sì ń pa á. Irú wọn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń figbe ta bó bá ti rí LPS. Ti inú ìfun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lesley Smythies àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lọ́dún 2005 pé macrophage inú ìfun èèyàn ń gbé bakitéríà mì dáadáa, ó ń pa á, ṣùgbọ́n kì í tú àwọn kẹ́míkà tó ń mú ara wú jáde. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìpariwo. Ohun tó kọ́ ọ níwà pẹ̀lẹ́ yìí pọ̀, IL-10 sì wà lára àwọn tó lágbára jù: kẹ́míkà aránṣẹ́ tó ń sọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kù pé ó tó, ẹ dáwọ́ dúró.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí àṣẹ yẹn ò bá sí. Lọ́dún 1993 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i pé ìfun eku tí kò ní IL-10 máa ń wú. Àmọ́ bí wọ́n bá tọ́ irú eku bẹ́ẹ̀ dàgbà níbi tí kò ti sí bakitéríà kankan rárá, ìfun rẹ̀ ò ní wú. Bí wọ́n bá sì yọ MyD88 kúrò lára rẹ̀, tí TLR rẹ̀ ò lè ránṣẹ́ mọ́, kò ní wú náà. Lọ́dún 2009, wọ́n rí irú àbùkù yìí lára èèyàn: àwọn ọmọ ọwọ́ tí ohun tó ń gba iṣẹ́ IL-10 lára sẹ́ẹ̀lì wọn bà jẹ́, tí ìfun wọn sì ti ń wú burúkú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún kan. Mùdùnmúdùn eegun tí wọ́n gbà lára ẹlòmíì ti wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sàn. Kì í ṣe irú èyí ló ń ṣe ọmọ yín, torí ó ti dàgbà kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo mú un wá kẹ́ ẹ lè rí i kedere pé bakitéríà kan náà tó ń gbé inú ìfun yín wọ́ọ́rọ́wọ́ lè di ohun ìjà nínú ìfun ẹni tí ara rẹ̀ ò mọ bí a ti ń dáwọ́ ìjà dúró.

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti máa sọ pé, ‘Ó dáa náà, ẹ kúkú yọ MyD88, ká pa ìfura náà rẹ́, ṣebí eku yẹn bọ́.’ Ó bọ́, òótọ́ ni. Ẹ wá gbọ́ apá kejì ìtàn.

Lọ́dún 2004, Seth Rakoff-Nahoum, Ruslan Medzhitov àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú eku oríṣi méjì. Àwọn kan ní MyD88, àwọn kan ò ní in. Wọ́n fún gbogbo wọn ní DSS nínú omi mímu, kẹ́míkà tó máa ń bó ojú ìfun. Tẹ́ ẹ bá ń ronú pé ìfura ló ń fa wíwú, ẹ ó rò pé àwọn tí kò ní MyD88 ló máa yè. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ní MyD88 ṣàìsàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì yè é. Àwọn tí kò ní in ṣẹ̀jẹ̀, ojú ìfun wọn ò lè tún ara rẹ̀ ṣe, wọ́n sì kú lọ bẹẹrẹbẹ. Àwọn olùwádìí náà kò fi mọ síbẹ̀. Wọ́n mú eku tí ara wọn pé, wọ́n fi àdàpọ̀ antibáyọ́tíìkì gbá bakitéríà inú ìfun wọn kúrò, kí wọ́n tó fún wọn ní DSS. Àwọn náà kú bí èyí tí kò ní MyD88. Ohun tó wá kẹ́yìn ló dáhùn ìbéèrè yín méjèèjì lẹ́ẹ̀kan: wọ́n mú eku tí bakitéríà ti tán ní ìfun rẹ̀, wọ́n fi LPS lásán sínú omi tó ń mu, kò sí bakitéríà kankan nínú rẹ̀, èérún ara bakitéríà ṣá ni, ó sì gbà wọ́n lọ́wọ́ ikú.

Mo máa ń ka ìwádìí yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́dọọdún, torí ó yí èrò tí gbogbo wa ní tẹ́lẹ̀ padà. Ara kì í kàn fara da bakitéríà lásán. Ó fi ìró wọn ṣe àmì tó fi ń mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa tún ojú ìfun ṣe. Bí àmì náà bá dákẹ́, àtúnṣe á dáwọ́ dúró.

Ìwádìí míì tí ìkọ̀ Manolis Pasparakis gbé jáde lọ́dún 2007 tún tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Wọ́n dí ọ̀nà tí iṣẹ́ ìfura ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn NF-κB, ṣùgbọ́n lára sẹ́ẹ̀lì ojú ìfun nìkan. Sẹ́ẹ̀lì ojú ìfun bẹ̀rẹ̀ sí í kú, bakitéríà ráyè wọlé, ìfun eku náà wú burúkú. Nígbà tí wọ́n tún wá yọ MyD88 kúrò lára gbogbo ara eku kan náà, wíwú náà ò wáyé. Torí náà, àìfura lójú ìfun ló ṣí ilẹ̀kùn, ìfura àwọn sẹ́ẹ̀lì abẹ́ rẹ̀ ló wá dá iná sílé. Bí ẹnì kan bá bi mí pé ṣé ìfura dára àbí kò dára, ìdáhùn mi ni pé kó kọ́kọ́ sọ ti inú sẹ́ẹ̀lì wo.

Ní báyìí, àrùn Crohn gan-an. Lọ́dún 2001, ìkọ̀ méjì tí kò bá ara wọn ṣiṣẹ́, ti Jean-Pierre Hugot ní Faransé àti ti Gabriel Núñez pẹ̀lú Judy Cho ní Amẹ́ríkà, rí jíìnì àkọ́kọ́ tó so mọ́ àrùn Crohn. NOD2 ni. Nígbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ retí ni pé àyípadà inú jíìnì náà á jẹ́ èyí tó mú kí ìfura pọ̀ jù. Àmọ́ wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé àwọn àyípadà mẹ́ta tó wọ́pọ̀ jù ń mú kí NOD2 má lè dá èérún bakitéríà mọ̀ dáadáa mọ́. Àrùn tí ara ti ń jà ju bó ṣe yẹ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ látorí àìrí ọ̀tá dáadáa.

Báwo nìyẹn ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Ẹ ò gbàgbé ibi tí inú ti ń run ọmọ yín, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni ìfun kékeré ti parí, tó sì wọnú ìfun ńlá. Àyípadà NOD2 so mọ́ Crohn tó ń jà ní ìparí ìfun kékeré ju ti ìfun ńlá lọ. Ní ìsàlẹ̀ àwọn kòtò tóóró tó wà lójú ìfun kékeré ni sẹ́ẹ̀lì Paneth wà, wọ́n kún fún purotéènì apabakitéríà tó ń jẹ́ defensin, wọ́n sì ní NOD2 dáadáa. Lára ọ̀pọ̀ aláìsàn tí Crohn wọn wà níbẹ̀, defensin sẹ́ẹ̀lì Paneth ti dín kù. NOD2 tún máa ń pe purotéènì míì, ATG16L1, wá síbi tí bakitéríà bá ti gbà wọnú sẹ́ẹ̀lì, kí sẹ́ẹ̀lì lè wé bakitéríà náà mọ́lẹ̀ kó sì dà á jẹ. ATG16L1 fúnra rẹ̀ tún wà lára jíìnì tí wọ́n rí lọ́dún 2007 pé ó so mọ́ Crohn. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lójú tèmi nìyí: ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ tó yẹ kó fura láìpariwo ò fura tó, bakitéríà ń pọ̀ sí i níbi tí kò yẹ, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́yìn, tí ìwà tiwọn le, á wá bá wọn níbẹ̀. Ìjà tí ì bá ti parí ní kékeré á wá di ńlá. IL-23, kẹ́míkà aránṣẹ́ míì, á máa tú jáde, T sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun kan tó ń gbèjà ara, á máa pọ̀, TNF á máa ṣàn, kò sì ní sí ẹni tó máa dáwọ́ rẹ̀ dúró.

NOD2 nìkan ò tó láti fa àrùn o. Ẹni tó ní ẹ̀dà kan tó yí padà, ewu rẹ̀ jẹ́ bí ìlọ́po 2 sí 4, ẹni tó ní méjì lè tó ìlọ́po 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ní in ni Crohn kì í ṣe láyé wọn. Àwọn àyípadà mẹ́ta yẹn wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ti ilẹ̀ Yúróòpù ṣẹ̀ wá, wọ́n sì ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwọn adúláwọ̀ àti àwọn ará Japan, tí Crohn sì ń ṣe àwọn náà. Jíìnì tó so mọ́ wíwú ìfun ti lé ní 200 báyìí. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá ara yín lẹ́bi pé ẹ̀yin lẹ fi jíìnì kan ran ọmọ.

Ó yá, antibáyọ́tíìkì. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ rò ó, èrò náà sì nídìí. Àwọn oníṣègùn ní Leuven, Belgium, tí Paul Rutgeerts ṣáájú wọn, tẹ̀ lé àwọn aláìsàn Crohn kan tí wọ́n ti gé ibi tó bà jẹ́ nínú ìfun wọn kúrò, tí wọ́n sì darí ìgbẹ́ gba ojú ihò tí wọ́n dá sí wọn níkùn. Fún oṣù 6 tí ìgbẹ́ ò fi gba ìfun tí wọ́n so pọ̀ náà kọjá, àrùn ò padà síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ìgbẹ́ máa gba ibẹ̀ kọjá, ó padà lára gbogbo wọn láàárín oṣù 6. Ọdún 1991 ni wọ́n gbé e jáde. Ohun tó wà nínú ìgbẹ́ ló ń da epo sí iná náà, kò sí àní-àní.

Ṣùgbọ́n kò sí antibáyọ́tíìkì tó lè pa gbogbo bakitéríà inú ìfun èèyàn. Ó máa ń pa àwọn kan, àwọn tó kù á sì gba àyè wọn. Àwọn tó sì máa ń tètè kú wà lára àwọn tí ọmọ yín nílò jù. Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Faecalibacterium prausnitzii. Lọ́dún 2008, Harry Sokol àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn aláìsàn Crohn tí èyí kéré nínú ìfun wọn, lára wọn ni àrùn ti tètè ń padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Irú bakitéríà yìí máa ń sọ oúnjẹ oníhóró àti okun inú ewébẹ̀ di butyrate. Butyrate ni oúnjẹ tí sẹ́ẹ̀lì ojú ìfun ńlá ń jẹ jù, òun náà ló sì ń ran àwọn T sẹ́ẹ̀lì tó ń dáwọ́ ìjà dúró lọ́wọ́ láti pọ̀ sí i, bí ìwádìí tó jáde lọ́dún 2013 ṣe fi hàn lára eku. Ní òdìkejì, wíwú fúnra rẹ̀ máa ń bọ́ àwọn tí kò dáa: ìfun tó ń wú máa ń tú nitrate jáde, E. coli sì lè mí pẹ̀lú nitrate, nígbà tí àwọn bakitéríà tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wíwú ṣe ń pọ̀ ni E. coli ń pọ̀, bí E. coli ṣe ń pọ̀ ni wíwú ń pọ̀. Ẹni tó bá da antibáyọ́tíìkì sáàárín èyí láìmọ̀dí lè ṣí àyè sílẹ̀ fún bakitéríà tó ń jẹ́ Clostridioides difficile, tó lè fa ìgbẹ́ gbuuru tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Torí náà, oníṣègùn máa ń lò ó níbi tó ti wúlò, bí ọyún bá gbárajọ sínú ikùn, tàbí bí ìfun bá la ọ̀nà tí kò yẹ sí ìdí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra á fún un fúnra yín.

Nípa oògùn tó máa pa ìfura náà rẹ́, ẹ wo àwọn tí wọ́n ń lò báyìí, ẹ ó rí i pé kò sí èyí tó fọ́ TLR tàbí NOD2 lójú. Infliximab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún Crohn lọ́dún 1998, ń gba TNF mú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú u jáde. Vedolizumab, 2014, kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ wá jà ráyè gba ẹ̀jẹ̀ wọnú ìfun. Ustekinumab, 2016, ń dí IL-12 àti IL-23. Gbogbo wọn jẹ́ kí ìfura máa lọ, ariwo tó ń tẹ̀ lé e ni wọ́n ń dín kù. Wọ́n ti gbìyànjú láti dí IL-17 náà, èyí tí T sẹ́ẹ̀lì ń tú jáde bí bakitéríà bá súnmọ́. Secukinumab ni oògùn náà, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún àwọn tó ní psoriasis, ìyẹn àrùn awọ ara kan. Lára àwọn aláìsàn Crohn tí wọ́n dán an wò, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2012 fi hàn pé àìsàn wọn burú ju ti àwọn tó gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú lọ, nítorí IL-17 wà lára ohun tó ń bá ojú ìfun dúró gírí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rù gbogbo ohun tó bá ní òun máa ‘pa agbára ìjà ara rẹ́’ pátápátá.

Kí lẹ lè bá oníṣègùn ọmọ yín sọ? Ẹ béèrè nípa calprotectin inú ìgbẹ́. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó wá jà lójú ìfun ló ń tú purotéènì yìí jáde, bí ó bá ga, ìjà ń lọ níbẹ̀ bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé inú ò run ún mọ́. Òun ló jẹ́ kí n máa bá àwọn ọ̀dọ́ jà nípa oògùn: ara á yá wọn, wọ́n á dáwọ́ oògùn dúró, ìfun sì ṣì ń wú lábẹ́lẹ̀ títí tí yóò fi dí. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ kí wọ́n tó fún un ní oògùn tó ń dí TNF, torí TNF wà lára ohun tó ń ti ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti sùn mọ́lé. Bó bá ń mu sìgá, kó jáwọ́, sìgá máa ń mú kí Crohn le sí i. Kó má máa lo ibuprofen àtàwọn oògùn ìrora tó jọ ọ́ láìbéèrè, wọ́n lè bó ojú ìfun. Oúnjẹ olómi tí wọ́n ṣe fún aláìsàn, tí wọ́n máa ń jẹ́ kí ọmọdé fi ṣe oúnjẹ kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, máa ń mú kí wíwú Crohn rọlẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn. Ó ṣòro fún àgbà láti fara dà, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 19 ò dàgbà jù láti bi oníṣègùn rẹ̀ léèrè. Ti bakitéríà inú ike tí wọ́n ń polówó, kò tíì sí ẹ̀rí tó lágbára pé ó ń dáwọ́ Crohn dúró, ẹ fi owó yín ra oògùn tí wọ́n kọ fún un.

Àwọn ọmọ yín yòókù ò nílò àyẹ̀wò jíìnì NOD2 nísinsìnyí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń rù láìnídìí, tí ìgbẹ́ gbuuru bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tàbí tó ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ tètè mú un lọ rí oníṣègùn, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ní Crohn.